Àrà inú oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ ìjà: ìbéèrè tí òbí àti ọmọ ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń kọ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní júdò n'Íbàdàn. Kò sí Sátidé kan tí a tú kíláàsì ká tí òbí kan tàbí ọmọ kan kò ní dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlòmíì ti wo fíìmù mọ́jú, ẹlòmíì ti wo ìjà Adesanya lórí fóònù, ìbéèrè á sì ti kún ẹnu wọn. Àwọn ìbéèrè náà ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú.

Kóòṣì, kí ló dé tí ẹ̀kọ́ ìjà kọ̀ọ̀kan ní àrà tirẹ̀? Ṣebí ara kan náà ni gbogbo èèyàn ní?

Ara kan náà ni, òfin ló yàtọ̀. Ẹ wo sumo àwọn ará Japan. Òrùka tí wọ́n ń jà nínú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà 4.55 lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ìta, tàbí tí ibikíbi lára rẹ̀ kan ilẹ̀ yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti pàdánù nìyẹn. Nínú àyè tó kéré báyẹn, ta ni yóò máa fò ta ìpàá? Títì, fífà àti dídi ìgbànú ara wọn mú ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà 82 tí wọ́n fún lórúkọ. Ẹ wá wo taekwondo ti Korea, níbi tí ìpàá sí orí ti ń gba máàkì ju ìpàá sí àyà lọ: ẹsẹ̀ ni ẹ ó rí lókè ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí àrà kan fi wà, ẹ béèrè ohun tí rẹfirí ń fún ní máàkì àti ohun tó kà léèwọ̀.

Ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀ ṣá, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ ṣe ń ka ìyókù. Ìpàá tàbí ìṣánlẹ̀ tí ojú ń rí, ìparí iṣẹ́ ni. Kí ó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti jí ìdúró onítọ̀hún, tàbí wọ́n ti jí ojú rẹ̀ lọ síbòmíì. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà.

Nínú júdò, báwo ni ọmọ kékeré ṣe ń gbé ẹni tó tóbi jù ú lọ ṣánlẹ̀?

Kano Jigoro tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, èèyàn kúkúrú tí kò wúwo ni. Ìyẹn ló mú kó wá ọ̀nà tí kò gba kéèyàn ní agbára bíi màlúù. Ó pín ìdánilulẹ̀ sí mẹ́ta: kuzushi, tsukuri, kake. Àkọ́kọ́, kí o yẹ ìdúró ẹnìkejì. Ìkejì, kí o wọ ipò. Ìkẹta, kí o ṣe é parí. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìkẹta, èmi àti wọn sì ń fà á lórí ìkíní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú osoto-gari, tó jẹ́ òun ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún mi di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú lápá òsì, ọwọ́ òsì mi di apá aṣọ ọ̀tún rẹ̀ mú lábẹ́ ìgbúnwọ́. Mo fa ìgbúnwọ́ yẹn wá sí ìhà mi, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún ti èjìká rẹ̀ sẹ́yìn, títí gbogbo ìwúwo rẹ̀ fi gun orí gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ ó rí àmì rẹ̀ lórí ẹní: àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń fà tí mo ń tì ni ẹsẹ̀ òsì mi ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á wá kọjá lọ sẹ́yìn rẹ̀, á padà wá gbá itan ọ̀tún rẹ̀ látẹ̀yìn. Kò ní nǹkan kan tó lè di mú mọ́.

Bí ìka ẹsẹ̀ yẹn kò bá gbé, kí o gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní ṣubú. Ó tiẹ̀ lè fi àrà kan náà dá ìwọ gan-an, torí ẹsẹ̀ kan lo fi dúró. Mo ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì tí kò tó kílò 35, tó ń dá àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ. Ẹsẹ̀ wọn ló máa ń wò, kì í wo ojú wọn.

Àrà mélòó ló wà nínú júdò? Ṣé gbogbo rẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀?

Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ tí Kano dá sílẹ̀, ka 68 fún ìdánilulẹ̀ àti 32 fún ohun tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀: ìdènimọ́lẹ̀, fífún ọrùn, yíyí apá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Ẹni tó ń lọ fún ìdíje ńlá sábà ní méjì tàbí mẹ́ta tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ọmọ yín mọ méjì dójú àmì ló dára.

Ṣé ìjàkadì tiwa kò ní irú ọgbọ́n yìí ni?

Ó ní in o! "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ni wọ́n ń ki àwọn ará Ọ̀fà. Ìlú tó bá fi ìjàkadì ṣe orò kì í ṣe ìlú tí wọ́n kàn ń di ara wọn mú bí àgbò. Ẹ̀kẹ, gídígbò, orúkọ yòówù tí wọ́n ń pè é ní ìlú yín, ohun tí wọ́n ń lé ni kí ẹ̀yìn ẹnìkejì kan ilẹ̀. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ èdè wa fúnra rẹ̀. A ní kí wọ́n kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, kí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, kí wọ́n dá a. Ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyanrìn mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé nínú júdò, aṣọ wà tí a lè dì mú. Nínú ìjàkadì, ara lásán tó ń yọ̀ nítorí òógùn ni, nítorí náà ìbàdí, ọrùn àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dì mú. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ráyè di òun mú níbàdí, ó ti wọ gàù.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn ará Japan kọ orúkọ gbogbo àrà wọn sílẹ̀, wọ́n sì to wọn ní ẹsẹẹsẹ. Tiwa wà lẹ́nu àwọn àgbà, wọ́n sì ń kú lọ. Bí bàbá àgbà yín bá wà láyé tó sì jà ní ìgbà èwe rẹ̀, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ ní kó dìde, bó bá lè dìde, kó fi bó ṣe ń dá èèyàn hàn yín. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀, ẹ sì bi í ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Dambe àwọn Hausa ńkọ́? Kí ló dé tí ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi lu èèyàn?

Àwọn alápatà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú lásìkò ìkórè láti wá figa gbága. Ọwọ́ tó lágbára ni wọ́n ń fi aṣọ dì, tí wọ́n á wá fi okùn tí wọ́n ń pè ní kara so ó le. Ọ̀kọ̀ ni ọwọ́ yẹn, asà ni ọwọ́ kejì tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n lè ta ìpàá pẹ̀lú. Abala mẹ́ta ni, ẹni tí ọwọ́, orúnkún tàbí ara rẹ̀ bá sì kan ilẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti "pa á".

Gbogbo èèyàn ló ń wo ọ̀kọ̀. Ẹ wo asà nígbà mìíràn. Ọwọ́ náà á nà síwájú, àtẹ́lẹwọ́ á máa ré kọjá níwájú ojú ẹnìkejì, á fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, á dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ bá wá dé, onítọ̀hún kò rí i mọ́. Òun ni mo pè ní jíjí ojú.

Ọmọ mi ń fi ìgò yí ojúgun rẹ̀, ó ní bí àwọn Muay Thai ṣe ń mú un le nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Eegun máa ń le sí i bí a bá ń fi gbá àpò ìlùdánrawò fún oṣù àti ọdún, torí pé ara ń tún eegun tí iṣẹ́ ń bá mọ. Ìgò kàn ń ṣe awọ tó bo eegun léṣe ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń lo ojúgun rọrùn. Eegun wẹ́wẹ́ ló kún ẹsẹ̀ láti kókósẹ̀ lọ sí ọmọ ìka, wọ́n sì tètè ń ṣẹ́. Ojúgun jẹ́ eegun kan gbọọrọ tó nípọn. Àwọn ará Thailand ń pe ẹ̀kọ́ wọn ní ti ẹ̀yà ara mẹ́jọ: ẹ̀ṣẹ́ méjì, ìgbúnwọ́ méjì, orúnkún méjì, ojúgun méjì. Bí wọ́n bá gbá itan ẹnìkejì, ìbàdí ló ń yí, ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e bí àdá tí àgbẹ̀ jù sí koríko. Gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó dúró nílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí títí yóò fi kọjú sí ẹni tí wọ́n ń gbá. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lára ẹni tó sọ pé òun mọ Muay Thai nìyẹn. Bí gìgísẹ̀ bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìpàá náà kò ní agbára, orúnkún tiẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀ tó bá yá.

Ohun tó jinlẹ̀ jù níbẹ̀ lójú tèmi ni dídìmọ́ra. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn orí ẹnìkejì mú, ìgbúnwọ́ wọn á sún mọ́ra níwájú àyà rẹ̀, wọ́n á fà á sísàlẹ̀. Ibi tí orí bá lọ ni ara ń lọ. Bó bá ti tẹ̀ báyìí, orúnkún ló máa pàdé.

Taekwondo: ṣé kì í ṣe eré lásán ni gbogbo ìpàá inú afẹ́fẹ́ yẹn?

Nínú Olympics Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, ẹ̀ṣẹ́ sí àyà jẹ́ máàkì 1, ìpàá sí àyà 2, ìpàá sí orí 3. Bó bá yí ẹ̀yìn kó tó ta ìpàá náà, ó di 4 fún àyà, 5 fún orí. Ìwọ náà á yí ẹ̀yìn, àbí? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kàn án yí lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bí ọgbà, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan tọ bọ̀, wọ́n á dẹ ẹnìkejì wọlé. Ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ sínú àyè yẹn ni ìyípo náà ń bọ̀. Chika Chukwumerije gba bàbà fún Nàìjíríà nínú rẹ̀ ní Beijing ní 2008. Eré lásán kọ́.

Fífi ọwọ́ fọ́ pákó nínú kàrátè ńkọ́?

Pákó gbígbẹ ni, wọ́n sì ń lù ú lójú ìlà igi rẹ̀, ibi tó ti rọrùn láti là. Ó ń kọ́ èèyàn láti má ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn nítorí ìbẹ̀rù, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi owó iléèwé ọmọ mi san fún un.

Ohun tó níyì jù ú lọ, wọn kì í ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbá ẹ̀ṣẹ́ nínú kàrátè: ọwọ́ kan ń lọ, èkejì ń padà wá sí ìbàdí. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ẹwà ni. Lára àlàyé tí àwọn olùkọ́ kan ń ṣe ni pé ọwọ́ tó ń padà yẹn ti di ọwọ́ ẹnìkejì mú, ó ń fà á wá pàdé ẹ̀ṣẹ́. Funakoshi Gichin tó gbé kàrátè láti Okinawa wá sí Tokyo ní 1922 bá wọn mú un wọ iléèwé gíga. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é papọ̀ lórí ìlà, nínú afẹ́fẹ́, láìdi ẹnikẹ́ni mú. Bí olùkọ́ yín bá mọ ìdí tí ọwọ́ fi ń padà, ẹ dúró tì í.

Capoeira: ijó ni àbí ìjà? Ṣé òótọ́ ni pé Yorùbá ló dá a sílẹ̀ ní Brazil?

Yorùbá kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn Aláwọ̀dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ló bí i, àwọn ará Angola àti agbègbè rẹ̀ ni ìtàn sì sábà ń nawọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Ní Salvador, ìlú tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó pọ̀ sí, àwọn ọmọ capoeira ń lu agogo, agogô náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Bí ìjà bá gbóná tí orin ròkè, wọ́n á ní axé wà nínú òrùka náà. Àṣẹ wa ni.

Ìwé òfin Brazil ti 1890 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Mestre (ìyẹn ọ̀gá) Bimba ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Salvador ní 1932, Mestre Pastinha ṣí ti capoeira Angola ní 1941, ìyẹn èyí tó lọ́ra, tó sún mọ́ ilẹ̀. Ní 2014, UNESCO kọ òrùka capoeira sínú ìwé àwọn ogún àṣà tí gbogbo ayé ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ ijó wá ńkọ́? Ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ginga ni ẹ ń rí: ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó padà, èkejì sẹ́yìn, ara ń mì sọ́tùn-ún sósì, apá ń bo ojú. Ẹni tó ń ṣe ginga kò dúró lójú kan rí, nítorí náà kò sí ìdúró tí wọ́n fẹ́ jí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti inú ijó yẹn ni meia-lua de compasso ti ń jáde. Á yí ẹ̀yìn sí ọ bí ẹni tó ń lọ, á bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kan ilẹ̀, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, á sì ti abẹ́ apá rẹ̀ máa wò ọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ni yóò ti òkè yí wá bí ọwọ́ aago. Ibi tó ń bẹ̀rẹ̀ sí ni ojú rẹ ń wò, ibi tí ohun tó fẹ́ pa ọ́ ti ń bọ̀ kọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rasteira. Bí ẹnìkejì bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti ta ìpàá, ìwọ á wọlẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, o á fi ẹsẹ̀ rẹ kọ́ èyí tó kù nílẹ̀, o á sì fà á jẹ́jẹ́. Kò gba agbára rárá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo sókè, torí pé bí bàbá mi ṣe ń gbá wa lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá nìyẹn gẹ́lẹ́.

Fífún ọrùn tí wọ́n ń ṣe nínú jiu-jitsu, ṣé kò ní pa èèyàn?

Ó lè pa á bí ẹni tó ń ṣe é kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó tú u sílẹ̀. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun mọ́ iwájú: ó ń dun èèyàn, ó lè fọ́ ọ̀fun, kò sì níyì. Èkejì ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, onítọ̀hún á dákú bí ẹni tó sùn lọ.

Àwọn ará Brazil ń pe èyí tí wọ́n ń ṣe látẹ̀yìn ní mata-leão, "apakìnnìún". Apá mi yí ọrùn rẹ̀ ká, ìtẹ̀pá mi wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ gan-an, apá òkè tẹ iṣan kan, apá ìsàlẹ̀ tẹ èkejì, àyè sì wà fún ọ̀fun rẹ̀ láàárín. Tí mo bá ti mú un dáadáa, ó yẹ kó fi ọwọ́ gbá mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tú u. Nílé ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí kò bá tú u lójú ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á jókòó fún oṣù kan. Mi ò kọ́ ọmọdé ní fífún ọrùn rárá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi dánra wò nílé.

Ará Japan kan, Maeda Mitsuyo, tó dé Brazil ní 1914, ló gbin irúgbìn yìí sọ́wọ́ ìdílé Gracie, àwọn tó sọ jiu-jitsu di ti Brazil. Ní 1951, Kimura Masahiko, ọ̀gá júdò, kojú Helio Gracie ní Rio. Ó yí apá rẹ̀ sẹ́yìn títí ìgbúnwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ́, Helio kọ̀, kò gbá a lára, àwọn tirẹ̀ ló ju aṣọ ìnura sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, àwọn ará Brazil ń pe àrà yẹn ní kimura. Àwọn tó pàdánù ló fi orúkọ ẹni tó borí wọn sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn.

Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kí ló dé tí ẹ̀ṣẹ́ sí ìhà ń dá ọkùnrin gìrìwò lulẹ̀?

Ẹ̀dọ̀ ni. Ó wà lápá ọ̀tún, àwọn egungun ìhà ìsàlẹ̀ ló bò ó. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ju ẹ̀ṣẹ́ sí orí kí ọwọ́ ẹnìkejì lè gbé sókè, á wá fi ọwọ́ òsì gbá abẹ́ ìgbúnwọ́ yẹn. Ẹ ó rí ẹni náà tó tún rìn ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ dìde, ara ló kọ̀.

Adesanya àti Usman, àrà wo ni ti wọn?

Kamaru Usman tí wọ́n bí ní Auchi, ìjàkadì ló fi wọlé. Ó gba ipò kìíní nínú ìjàkadì yunifásítì Amẹ́ríkà ní ìpele kejì ní 2010, ó sì gba bẹ́líìtì UFC, ìdíje ìjà àdàlù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́, ìpàá àti ìjàkadì jà pọ̀, ní 2019. Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1989, kickboxing, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpàá, ló kọ́ ní New Zealand. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni ẹ̀tàn: èjìká á mì, ìbàdí á mì, ojú á wo ìsàlẹ̀, kò sì ní ju nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkejì kò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ mọ́.

Bí mo bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ohun tí mò ń pè ní jíjí ojú, ìjà tí Usman pàdánù ni mo máa ń fi hàn wọ́n, bó tilẹ̀ dùn wá. Ní oṣù kẹjọ 2022, ní Salt Lake City, ó ti ń borí Leon Edwards, ó ku bí ìṣẹ́jú kan kí abala karùn-ún parí. Edwards na ọwọ́ òsì síwájú bí ẹni fẹ́ gbá ẹ̀ṣẹ́. Ọwọ́ Usman lọ gbà á, orí rẹ̀ sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tààrà sí ibi tí ẹsẹ̀ òsì Edwards ti ń bọ̀. Ẹ dá fídíò náà dúró lórí ọwọ́ yẹn. Ìjà ti parí níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ṣé wọ́n lè fi ìka kan fọwọ́ kan ibì kan lára kéèyàn kú? Àbí kí wọ́n dá èèyàn lulẹ̀ láìfọwọ́ kàn án?

Mo ti rí àwọn fídíò náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gá náà fúnra wọn ló sábà ń ṣubú. Ní 2017, ní China, ọ̀gá tai chi kan tó ń jẹ́ Wei Lei kojú Xu Xiaodong tó ń ja ìjà àdàlù. Kò pé ìdajì ìṣẹ́jú tí ọ̀gá náà fi wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní àrà, kó fi hàn lára ẹni tí kò fẹ́ ṣubú.

Ní ti òǹdè, ìgbàdí àti ohun tí àwọn baba wa ń lò, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kò sí nínú ohun tí mò ń kọ́ni, ọmọ tó bá sì so nǹkan mọ́ ìbàdí wá sórí ẹní yóò tú u sílẹ̀ kó tó wọlé, torí ó lè ya ẹlòmíì lára.

Kí ló dé tí wọ́n fòfin de àwọn àrà kan?

Púpọ̀ jẹ́ nítorí ìpalára. Kani-basami wà nínú júdò, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì gé ẹsẹ̀ ẹnìkejì bí àlùmọ́gàjí. Ní 1980, Endo Sumio fi ṣẹ́ ẹsẹ̀ Yamashita Yasuhiro, ẹni tó padà gba góòlù Olympics ní 1984. Wọ́n fòfin dè é lẹ́yìn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí kò tọ́ lójú mi ni ti dídi ẹsẹ̀ mú. Ní 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ dín in kù nínú ìdíje àgbáyé, ní 2013 wọ́n fòfin dè é pátápátá, kí júdò má baà jọ ìjàkadì mọ́. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ibi tó jọ ìjàkadì yẹn ni àwọn ọmọ wa ti máa ń mọ̀ ọ́n láìkọ́.

Bí olè bá dá mi dúró lójú títì ńkọ́?

Ẹ fún un ní fóònù, kí ẹ sáré. Ìdáhùn mi nìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́wàá àti fún ẹni tó ní bẹ́líìtì dúdú. Ọ̀bẹ kò mọ rẹfirí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ olùkọ́ tó dára?

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kọ́ ìjà. Lọ́jọ́ kejì péré, olùkọ́ ní kí ọmọkùnrin kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ gbé mi lulẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Bí mo ṣe ń lọ nínú afẹ́fẹ́, mo ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe: mo na ọwọ́ sílẹ̀ kí n fi gba ara mi. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ọrùn ọwọ́ òsì mi ṣẹ́, wọ́n fi POP dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan wẹ̀, jẹun, wọ aṣọ. Olùkọ́ náà sọ fún ìyá mi pé bí ọkùnrin ṣe ń di ọkùnrin nìyẹn. Ìyá mi wò ó, kò dá a lóhùn. Títí dòní, bí òjò bá ṣú, ọwọ́ yìí máa ń sọ fún mi.

Nítorí náà, ẹ lọ jókòó wo kíláàsì kan kí ẹ tó san owó. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó dé lónìí. Bó bá jẹ́ pé ìpàá tàbí ìdánilulẹ̀ ni, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. Ẹ wo bóyá ẹni tó ju ọmọ lọ ń tú u sílẹ̀ bó bá fi ọwọ́ gbá a lára. Ẹ bi olùkọ́ ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe àrà kan báyìí. Bó bá bínú sí ìbéèrè, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ọmọ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kó mú wá?

Kó gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Kó wọ aṣọ tí kò ní bọ́tìnì tàbí sípù, kó bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà sílé, kó sì mú omi dání. Ẹ sọ fún un pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ṣíṣubú nìkan la máa kọ́ ọ: láti ìjókòó, láti ìlóṣòó, láti ìdúró, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kó fa àgbọ̀n mọ́ àyà, kó fi gbogbo apá gbá ẹní pàá, kó má fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Á sú u ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ mú un wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta.